Kóòṣì tuntun dé: báwo ni ẹgbẹ́ tó ti ń kú lọ ṣe ń jí padà?

Ìyá kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ó ń gba bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá yẹn, ó wà lára àwọn òmìrán iwájú tí wọ́n ń dáàbò bo ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n fi gbà á wọlé. Ìyá náà ní: “Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń lu ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi bí ẹni lu bàrà. Wọ́n ti lé kóòṣì tó mú un wọlé, wọ́n ti gbé ẹlòmíì wá, gbogbo èèyàn sì ń pariwo pé ayé ti dáa. Kí ni ẹnì kan ṣoṣo fẹ́ ṣe tí ẹgbẹ́ tó ti bàjẹ́ yóò fi dáa? Ọdún mélòó ló máa gbà? Ṣé kí ọmọ mi dúró ni, àbí kó wábi gbà?”

Ìyá agbábọ́ọ̀lù, ẹ kú ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sí yàrá tí àwọn kóòṣì ti ń wo fídíò ìdíje, ní àwọn yunifásítì kéékèèké. Abẹ́ kóòṣì mẹ́ta ni mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n sì lé méjì nínú wọn níṣojú mi. Mo mọ bí ilé ṣe ń rí lọ́jọ́ tí baálé tuntun bá wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ẹ̀rù kan kúrò lórí yín. Ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ló ń tún un ṣe. Kóòṣì tó bá mọṣẹ́, àwọn èèyàn tó kó wá àti àwọn nǹkan kéékèèké tí kò gbà kó kọjá lójú òun ló fi ń tún ẹgbẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ amóríwú tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí kóòṣì ti ń pariwo tí àwọn ọmọ ń fò sókè, ọjọ́ kan ni ìyẹn ń ṣiṣẹ́ mọ. Iṣẹ́ gidi ń wáyé láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹjọ, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wo Indiana. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2023 tí wọ́n gba Curt Cignetti síṣẹ́, kò sí yunifásítì kankan ní ìpele tó ga jù lọ tí ìdíje tó ti pàdánù láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ tó ti Indiana. Ìdíje 3 péré ni wọ́n borí nínú 12 lọ́dún náà. Básíkẹ́ẹ̀tì ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń yangàn. Bọ́ọ̀lù yìí, ohun tí wọ́n fi ń dúró de básíkẹ́ẹ̀tì ni. Nígbà tí àwọn oníròyìn ń bi Cignetti bó ṣe fẹ́ mú kí àwọn ọmọ gbà á gbọ́, ó ní òun máa ń borí, kí wọ́n lọ wo òun lórí Google. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìdíje 10 àkọ́kọ́, ó borí gbogbo wọn. 11 ló borí nínú 13, Indiana kò sì tíì dé 10 rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ní sáà 2025, wọ́n ṣe ìdíje 16, wọ́n borí ní 16. Ní oṣù kìíní ọdún 2026 ni wọ́n na Miami 27 sí 21, tí wọ́n fi gba ife orílẹ̀-èdè fún ìgbà àkọ́kọ́.

Kí ló wá ṣe? Láti Yunifásítì James Madison tó ti ń bọ̀, ní Virginia, ó kó agbábọ́ọ̀lù 13 dání. Ó kó Bryant Haines tó ń darí ìdáàbòbò rẹ̀, ó kó Mike Shanahan tó ń darí ìkọlù rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé torí pé àwọn ọmọ 13 yẹn mọ bọ́ọ̀lù gbá nìkan ni. Wọ́n mọ̀ ọ́n gbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó tóbi ju ìyẹn ni pé wọ́n ti mọ ìwà baba wọn. Bí kóòṣì tuntun bá wọ yàrá tí àwọn ọmọ 80 tí a ti ń nà láti ọdún yìí wá wà, tó ní kí gbogbo wọn sáré, wọn yóò kọ́kọ́ wo ojú ara wọn. Ti Indiana yàtọ̀: kí àwọn onílé tó wo ojú ara wọn tán, àwọn 13 ti sáré dé ìdajì pápá. Kò sí ìwàásù tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ohun kejì ni irú ọmọ tó ń wá. Ọ̀pọ̀ kóòṣì, bí wọ́n bá rí ọmọ tó ga, tí apá rẹ̀ gùn, tó sì ń sáré bí ẹtu, wọn yóò ní “a máa sọ ọ́ di nǹkan.” Cignetti kì í ra ebè, iṣu tó ti ta ló ń rà. Ó fẹ́ràn ọmọ tó ti ṣeré gidi ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré, tí fídíò rẹ̀ wà nílẹ̀, bí kò tilẹ̀ ga tó bí àwọn onímọ̀ ṣe fẹ́. Fernando Mendoza tó jẹ́ quarterback rẹ̀ ní 2025, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tó sì ń darí ìkọlù nínú pápá, láti Yunifásítì California ló ti wá, ó sì gba ẹ̀bùn Heisman tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní yunifásítì.

Ẹ má jẹ́ kí Indiana tàn yín jẹ ṣá. Òfin ìsinsìnyí ló jẹ́ kó yá tó bẹ́ẹ̀. Nígbà kan, ọmọ tó bá kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ jókòó lọ́dún kan gbáko kó tó lè ṣeré. Láti 2021 ni wọ́n ti tú u sílẹ̀ fún ìgbà kan, ní 2024 wọ́n wá tú u sílẹ̀ pátápátá. Ibi tí ọmọ ń forúkọ sí pé òun ń wá ilé tuntun ni wọ́n ń pè ní transfer portal, ọjà ọdọọdún ni. Owó sì ti wọ̀ ọ́: láti oṣù keje 2021 ni àwọn ọmọ ti lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán wọn, nígbà tó sì di 2025, yunifásítì fúnra rẹ̀ lè pín nǹkan bíi 20.5 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún fún gbogbo àwọn elérè ìdárayá rẹ̀. Kóòṣì tuntun lè ra ilé tó ti parí. Tẹ́lẹ̀, bíríkì lo máa ṣù fúnra rẹ.

Ẹni tó sì ṣù ú jù lọ, lójú tèmi, ni Bill Snyder ní Kansas State, nílùú Manhattan, ní Kansas. Manhattan ti New York kọ́ o. Ìlú kékeré láàárín oko. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti ọkùnrin yìí, torí ohun tí ẹ ń béèrè wà nínú ìtàn rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́ ní ìparí 1988, ìdíje 27 ni wọ́n ti ṣe léraléra tí wọn kò borí ẹyọ kan: ọ̀mì 1, wọ́n fìdí rẹmi ní 26. Yunifásítì àkọ́kọ́ tó pàdánù ìdíje 500 ni wọ́n. Ìwé ìròyìn eré ìdárayá Sports Illustrated kọ ìtàn wọn ní 1989, ó sọ wọ́n di ẹlẹ́yà fún gbogbo Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ tí wọ́n wà lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò pé 50, bẹ́ẹ̀ òfin ìgbà náà fàyè gba 95. Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ kóòṣì tó dáa ló wà lọ́wọ́ Snyder ní Iowa. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rò pé orí rẹ̀ ti dà rú.

Ó pàdánù ìdíje 3 àkọ́kọ́, ó wá di 30 láìborí. Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án 1989 ni wọ́n pàdé North Texas, ìgbá (eré kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìdúró) tó kẹ́yìn pátápátá ni wọ́n fi borí, 20 sí 17. Inú pápá kún fún èèyàn tó ń sunkún ayọ̀ bí ẹni gba ife. Ìdíje kan ṣoṣo tí wọ́n borí lọ́dún yẹn nìyẹn; wọ́n pàdánù 10 yòókù. Lọ́dún kejì wọ́n borí 5. Lọ́dún kẹta, 7. Lọ́dún kẹrin, wọ́n tún já padà sí 5. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ dúró wò, Ìyá. Ní ayé òde òní, ọdún kẹrin yẹn ni wọn ì bá lé e, tí àwọn ọlọ́rọ̀ inú ìlú yóò máa sọ pé ọjọ́ ọkùnrin náà ti pé. Wọn kò lé e. Lọ́dún karùn-ún, 1993, wọ́n borí 9, wọ́n sì na Wyoming 52 sí 17 nínú ìdíje ìparí sáà tí wọ́n ń pè ní Copper Bowl. Nígbà tó di 1998, Kansas State ló wà nípò kìíní ní gbogbo orílẹ̀-èdè nínú ìbò àwọn kóòṣì fún ìgbà díẹ̀.

Kí ló ṣe tí owó kò lè rà? Àkọ́kọ́, ó yí àwòrán tó wà lórí àṣíborí tí wọ́n fi ń ṣeré padà. Ẹ̀rín lè pa yín, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: àwọn ọmọ ń wọ aṣọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí aṣọ olófo. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì náà yàwòrán orí ẹkùn tuntun kan, òun ni wọ́n sì ń lò títí di òní. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó kó ọmọ wọlé láti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tó pọ̀ ní Kansas, àwọn ọmọ tí àwọn yunifásítì ńlá ti wò kọjá. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ń yan àwọn tí ọwọ́ wọn kò le láti bá ṣeré ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Àwọn èèyàn bú u fún èyí gan-an, wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Èmi kò bá wọn bú u. Ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, ta ló ń mú un lọ gun Òkè Olúmọ? Ẹgbẹ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń borí, a óò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń borí ni, ó sì dìgbà tó bá borí ẹnì kan kó tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn olùrànlọ́wọ́ tó kó jọ ńkọ́? Bob Stoops wà lára wọn láti 1989. Stoops kan náà ló gba ife orílẹ̀-èdè fún Oklahoma ní sáà 2000. Ẹ máa wo ìyẹn lára kóòṣì tuntun tiyín. Ọ̀gá tó ń bẹ̀rù kí ọmọṣẹ́ gbọ́n ju òun lọ kì í tún ilé ṣe.

Ó yẹ kí n sọ èyí tí kò dùn náà. Scott Frost gba iṣẹ́ kóòṣì ní UCF, yunifásítì kan ní Florida, lẹ́yìn sáà tí wọ́n pàdánù gbogbo ìdíje 12. Lọ́dún kejì rẹ̀, 2017, ó borí gbogbo 13. Nebraska, ilé ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti gba bọ́ọ̀lù rí, bẹ̀ ẹ́ kó wálé. Kóòṣì kan náà, ọpọlọ kan náà: ó borí 16, ó pàdánù 31, wọ́n lé e ní oṣù kẹsàn-án 2022. Nínú ìdíje tí àmì 8 tàbí tó kéré sí i pín wọn, 5 ló borí, 22 ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà kóòṣì máa ń sọ pé ipele mẹ́rin ni ẹgbẹ́ ń gbà kọjá: wọn yóò nà ọ́ gan-an, wọn yóò nà ọ́ díẹ̀, wàá nà wọ́n díẹ̀, wàá wá nà wọ́n gan-an. Frost há sí ipele kejì. Bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́, ìjìyà òmùgọ̀, ìgbá ìkẹyìn tó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ kọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ àṣà ojoojúmọ́ ni.

Colorado tilẹ̀ tún wà. Wọ́n borí 1 nínú 12 ní 2022, Deion Sanders dé gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì, ó lé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó bá nílé, ó kó àwọn tuntun tó ju 50 wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ó borí 4, lẹ́yìn náà 9 nígbà tí Travis Hunter gba Heisman ní 2024. Hunter lọ, ọmọ Sanders tó jẹ́ quarterback náà lọ, ní 2025 wọ́n sì borí 3 péré. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ, kóòṣì tuntun dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ní kí n gbé fídíò ìdíje tó kẹ́yìn jáde. Mo ti to àwọn ìgbá tó dára síwájú, torí mo fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n gbé gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó fa pépà kan yọ, ó mú bírò, kò sì wo bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Apá kejì pápá ló ń wò, ibi tí bọ́ọ̀lù kò sí. Bí ọmọ tó wà níbẹ̀ bá dúró kí ìgbá tó tán, yóò fa ìlà kan. Bó bá ń rìn, ìlà kan. A wò ó fún wákàtí méjì, kọfí mi tutù, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó tán, ìlà ti kún ojú méjèèjì pépà. Ó ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, ó kì í bọ àpò, ó ní: “Gbogbo àwọn wọ̀nyí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wò wọ́n.” Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo àárọ̀ ni wọ́n ń gbé fídíò sílẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, apá tí bọ́ọ̀lù kò sí ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta kò pé tí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí bá ara wọn wí láìsí kóòṣì níbẹ̀.

Ẹni tí kóòṣì wa tún kọ́kọ́ mú wá ni ẹni tó ń darí yàrá irin, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ta ni yóò jẹ́ quarterback. Ìdí rẹ̀ ni pé òfin ń dín wákàtí tí kóòṣì lè lò pẹ̀lú àwọn ọmọ kù: 20 lọ́sẹ̀ nígbà ìdíje, 8 nígbà tí kò sí ìdíje. Nínú 8 yẹn, yàrá irin ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù. Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹjọ, ọkùnrin tó ń gbé irin pẹ̀lú wọn ní aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń rí ju kóòṣì àgbà lọ. Ẹ bi ọmọ yín irú ẹni tó jẹ́. Bí ọmọ bá ń kùn sí i, àmọ́ tí kì í fẹ́ pẹ́ débẹ̀, ó dáa nìyẹn.

Ó wá ku ọmọ yín. Ẹ ní òun wà lára àwọn òmìrán iwájú tí wọ́n ń dáàbò bo quarterback. Ọlọ́run ṣàánú yín, torí ipò yẹn ni kóòṣì tuntun kì í ní tó. Ó sì tún jẹ́ ipò tí ọmọ kì í yá nídìí rẹ̀: ọdún kejì ni ara wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tiwa, Olúṣẹ́gun Olúwátìmí, ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ṣeré ní Virginia kó tó lọ sí Michigan ní 2022. Lọ́dún yẹn ó gba ẹ̀bùn Rimington àti Outland pọ̀, ẹ̀bùn tó ga jù fún àwọn òmìrán iwájú. Ó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní nǹkan lọ́wọ́ tó fi lọ. Ọmọ yín, fídíò mélòó ló ní? Bí kò bá tíì ṣeré tó, ọjà portal yẹn burú fún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń wọ ibẹ̀ lọ́dọọdún tí kì í rí ilé tó dáa tó ti àná, àwọn kan kì í sì í rí ilé rárá.

Ìwé ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ti ń dúró de ibí yìí. Bí ọmọ bá ń lọ, yunifásítì tuntun kì í fi dandan gba gbogbo kọ́ọ̀sì tó ti ṣe. Òfin sì ní kí ọmọ ti parí ìdá kan pàtó nínú ohun tí oyè rẹ̀ ń béèrè, èyí tó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, kó tó lè ṣeré. Ọmọ tí kọ́ọ̀sì rẹ̀ bá bọ́ sọ́nà lè dé ilé tuntun kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítorí ìwé. Ẹ jẹ́ kí òǹkà yẹn jáde kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù.

Lójú tèmi, kó dúró di ìparí ìgbáradì ìgbà ìrúwé. Ìgbà 15 ni wọ́n gbà wọ́n láyè láti pàdé, yóò sì ti mọ ipò rẹ̀ kí ó tó pé. Kó lọ bá kóòṣì àwọn òmìrán iwájú fúnra rẹ̀, ẹ má bá a lọ, kó béèrè ohun méjì: ipò kelòó ni mo wà, kí ni mo ní láti ṣe kí n tó gòkè? Bí kóòṣì náà bá fún un ní ìdáhùn tó ṣe pàtó, “ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ ń pẹ́ kúrò nílẹ̀, o sì nílò kílò márùn-ún sí i,” wọ́n fẹ́ ẹ nìyẹn. Bí ó bá ní “máa ṣiṣẹ́ lọ, ọmọ dáadáa ni ẹ́,” kó bẹ̀rẹ̀ sí to fídíò rẹ̀ jọ. Ọjà náà ti di ti oṣù kìíní ọdún, kò tún sí ti ìgbà ìrúwé tí ẹ máa ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó ní sáà kan gbáko láti fi ara rẹ̀ hàn.

Ní ti ọdún tó máa gbà, ẹ fún kóòṣì náà ní sáà méjì. Bí wọ́n bá ṣì ń nà wọ́n gan-an lópin sáà kejì, ẹ tún bi mí. Ṣùgbọ́n ní ìdíje àkọ́kọ́, ẹ jókòó sókè, ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Ẹ wo apá kejì, kí ẹ mú pépà àti bírò dání, kí ẹ máa fa ìlà.